Ìṣọ́ra, Ìfura àti Ẹ̀sọ̀: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta ní Ilẹ̀ Lásunwọ̀n

Ìfáárà

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè ohun tí 'ṣọ́ra' túmọ̀ sí, kò ní ṣòro fún un láti dáhùn. Yóò ní kí ènìyàn kíyè sí ara rẹ̀ ni, kí ó má baà kó sínú ewu. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tán síbẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ru omi gbígbóná kì í sábà ké pé 'ṣọ́ra'. 'Rọra' ni yóò ké. Àgbà tí ó gbúròó àlejò tí kò mọ̀ ní ààjìn kò ní sọ pé òun ń rọra. Yóò ní ara ń fu òun. Ẹni tí ó sì ń la ìjà láàrin tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò ní fi ìfura ṣe é; ẹ̀sọ̀ ni yóò fi ṣe é. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìwé atúmọ̀-èdè fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà lẹ́nu àwọn tí ó ni èdè.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìṣọ́ra, ìfura àti ẹ̀sọ̀, ó sì fi ìtàn agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Lásunwọ̀n jẹ́ orúkọ tí ó lókìkí nínú ìtàn ìdílé ọba Ìkòròdú. Níhìn-ín, agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lápapọ̀ ni a fi ń pè. Ìdí tí a fi mú agbègbè yìí kò fara sin. Etí ọ̀sà ni ó wà, láàrin Èkó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà, ìbọn, ẹrú, epo, ìránṣẹ́ ọba àti ìsáǹsá ìjòyè ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìlú tí ó bá wà ní irú ibẹ̀ kò lè ṣe aláìmọ ìṣọ́ra.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìgbà náà. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbólóhùn báyìí báyìí ni ọba tàbí balógun kan sọ. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí á kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà dájú, kí á sì fi wọ́n díwọ̀n ohun tí àwọn ènìyàn ṣe.

Ìhun àti ìbátan ọ̀rọ̀ náà

'Ṣọ́ra' jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe 'ṣọ́' àti ọ̀rọ̀-orúkọ 'ara'. Fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ 'ara' ni ó jẹ, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi di ọ̀kan. 'Ṣọ́' túmọ̀ sí kí á dúró ti nǹkan, kí ojú wà lára rẹ̀, kí ó má baà bàjẹ́ tàbí kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ. Inú rẹ̀ ni 'ìṣọ́', 'olùṣọ́' àti 'ẹ̀ṣọ́' ti jáde. Ẹ̀ṣọ́ ni orúkọ àwọn jagunjagun pàtàkì ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Lónìí, òun náà ni a fi ń pe àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀, ìyẹn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Inú rẹ̀ náà ni 'aṣọ́bodè' ti jáde, orúkọ tí a ń pe àwọn tí ń gba owó orí ẹrù ní ẹnubodè orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ó yẹ kí á fiyè sí ni pé nígbà tí 'ṣọ́' bá gba 'ara', ohun tí a ń ṣọ́ kì í ṣe ilé, kì í ṣe ẹnubodè, kì í sì í ṣe ọmọnìkejì. Ara ẹni ni. Ẹni tí ó ń ṣọ́ àti ohun tí a ń ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí èyí ni a fi lè sọ pé 'ṣọ́ ẹnu rẹ', 'ṣọ́ ọwọ́ rẹ', 'ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ', tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ka ìṣọ́ra. Ewu lè ti ìta wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà gbé lé ènìyàn lọ́wọ́, inú ilé rẹ̀ ló wà.

'Fura' náà ní 'ara' nínú, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. 'Ara fu mí' ni a máa ń sọ. Ara ni ó ń ṣiṣẹ́, ènìyàn ni iṣẹ́ náà ń bá. Ara gbọ́ ohun tí etí kò tíì gbọ́. Ìfura kọjú sí ìta: ènìyàn ń fura sí ẹlòmíràn. Àwọn àgbà kò kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní ìfura ni oògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní oúnjẹ. Oògùn ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá mu ún láìwọ̀n, ohun tí ó yẹ kí ó wò ó sàn yóò pa á.

Ní ti 'ẹ̀sọ̀', kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú 'ṣọ́' nínú ìhun, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ létí ẹni tí kò gbọ́ èdè dáadáa. Bí a bá yọ àmì kúrò, 'eso' lè jẹ́ èso orí igi, ó lè jẹ́ ẹ̀sọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ìpàdé tí àwọn ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ alága rẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ kékeré bí ó ṣe fi ẹsẹ̀ ìlànà àmì abẹ́ lẹ́tà múlẹ̀. Ẹ̀sọ̀ kò sọ nípa ẹni tí a ń ṣọ́ tàbí ẹni tí a ń fura sí. Ọwọ́ tí a fi mú nǹkan ni ó ń sọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, 'ṣọ́ra' máa ń wá lọ́nà mẹ́rin. Ó lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí àṣẹ: 'Ṣọ́ra!' Ó lè gba 'fún', kí ohun tí a ń yẹra fún tẹ̀ lé e: 'Ṣọ́ra fún ajá', gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lára géètì. Ó lè ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn: 'Máa ṣọ́ra sọ̀rọ̀.' Ó sì lè gba odindi gbólóhùn: 'Ṣọ́ra kí o má baà ṣubú.'

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ni ó lè sọ ọ́ fún gbogbo etí. Ọmọdé kì í dédé kọjú sí àgbà kí ó ní 'Ṣọ́ra'. Bí ó tilẹ̀ fi ẹ̀yọ ọ̀wọ̀ sí i, tí ó ní 'Ẹ ṣọ́ra, bàbá', ó ṣì lè dún bí ìkìlọ̀ tí ó ní ìjà nínú. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa yóò ní 'Ẹ rọra o, bàbá', tàbí 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá'. Nínú 'ẹ rọra', ìtọ́jú ni ó wà. Nínú 'ẹ ṣọ́ra', ewu ti wọ inú ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá sì sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé 'Ṣọ́ra ẹ o!', kò sí ẹni tí yóò rò pé àánú rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ewu tí ó ní kí ẹnì kejì ṣọ́ra fún.

Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ìyókù iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìtọ́jú lè di ìdẹ́rùbà láìyí lẹ́tà kan padà. Ohun tí ó ń yí i padà ni ẹni tí ó ń sọ ọ́, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, àti agbára tí ó wà láàrin wọn.

Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́: ẹ̀sọ̀ láìsí ìfura

Akíntóyè jọba ní Èkó ní ọdún 1841. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní ìgbèkùn nígbà náà. Akíntóyè fẹ́ kí ìjà ilé tán; ó ní kí ọmọ náà padà wálé. Ẹlẹ́tù Òdìbò, ìjòyè tí ìjà ti wà láàrin òun àti Kòsọ́kọ́ tẹ́lẹ̀, kọ̀ ọ́. Ọba kò gbọ́. Ẹ̀sọ̀ ni Akíntóyè lò, a kò sì lè pè é ní òmùgọ̀ nítorí rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kò fi ìfura díẹ̀ sí i. Ní ọdún 1845, ogun bẹ́ ní Èkó, èyí tí a ń pè ní Ogun Olómirò. Wọ́n lé Akíntóyè kúrò lórí oyè, ó sì sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Bàdágìrì. Kòsọ́kọ́ jọba.

Ìtàn náà kò dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí Ọ̀ṣọ́dì Tápà wà nínú wọn, gba orí ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ ojú rere Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́ ti di ìlú tí ó ní apá méjì títí di òní, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́. Ọdún Káyókáyọ̀ tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá ń rántí dídé yẹn.

Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́: láti ipá sí ẹ̀sọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí Kòsọ́kọ́ gbìyànjú láti Ẹ̀pẹ́ ni ipá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọ lu Èkó, wọn kò sì borí. Akíntóyè kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n sì fi Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ joyè. Ọ̀nà mìíràn ni Kòsọ́kọ́ wá gbà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854, ní Ẹ̀pẹ́, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bára dá májẹ̀mú. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní fi ogun wá oyè Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Pálmà àti Lẹ́kkí.

Bí a bá fi àwọn ọ̀rọ̀ wa díwọ̀n èyí, a ó rí i pé ẹ̀sọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀sọ̀ Akíntóyè. Kòsọ́kọ́ kò fi ara rẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ó ní ìlú tí ó ń gbé, ó ní ènìyàn tí ó ń ṣọ́ ọ, ó ní èbúté tí òwò ń gbà wọlé fún un. Ó kọ́kọ́ ṣọ́ ara rẹ̀, kí ó tó fẹ̀sọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láàyè kí ó padà sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1872. Kò padà jọba. Ṣùgbọ́n ó kú sílé, ohun tí ìbọn ọdún 1853 kò lè ṣe fún un. Ẹ̀pẹ́ tí ó fi sílẹ̀ kò rí irú ẹ̀sọ̀ bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1863, àwọn ọmọ ogun ìjọba Èkó kọ lu ìlú náà.

Ìkòròdú, ọdún 1865: ta ni ó ń ṣọ́ ni?

Ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ti pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Ìbàdàn wà ní apá kan, Ẹ̀gbá àti àwọn alájọṣe wọn wà ní apá kejì. Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Bí ìbọn àti ẹ̀tù yóò bá dé ọ̀dọ̀ wọn láti Èkó, ó ní ọ̀nà tí yóò gbà, Ìkòròdú sì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kà á sí ọ̀tá nítorí èyí. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1865, wọ́n ti dó ti ìlú náà.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìkòròdú gbọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì dáàbò bo ara rẹ̀ títí ìrànwọ́ fi dé. John Hawley Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó, rán ọmọ ogun lọ, lára wọn ni àwọn ọmọ ogun dúdú láti erékùṣù West Indies. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1865, wọ́n tú àgọ́ Ẹ̀gbá ká.

Ìkòròdú là. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan wà tí 'ṣọ́ra' gan-an ń bèèrè: ta ni ó ń ṣọ́ ara? Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń ṣọ́ ni, ìṣọ́ra ti di ìṣọ́ lásán, ẹni tí ó ń ṣọ́ ni yóò sì máa pàṣẹ. Ní ọdún 1894, ilẹ̀ Rẹ́mọ bọ́ sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì, Ìkòròdú sì di ara Èkó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1865 dun àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú. Ó wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n máa fura sí gbogbo aláwọ̀ funfun, títí di ìgbà tí wọ́n fi lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé.

Ìjẹ̀bú, ọdún 1892: ìfura gẹ́gẹ́ bí òfin

Àwọn Ìjẹ̀bú lo ìfura gẹ́gẹ́ bí ètò ìlú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò gbà kí àlejò gba ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú. Oníbodè wà lójú ọ̀nà, ó ń gba owó, ó sì ń dá ènìyàn padà. Ìdí wà fún un. Alárinà ni wọ́n láàrin òkun àti òkè, oúnjẹ wọn sì wà nínú ìdènà náà. Wọ́n ti rí ohun tí ó dé bá Èkó pẹ̀lú.

Ní ọdún 1891, George Denton tí ó ń ṣe adelé gómìnà lọ sí Ìjẹ̀bú Òde láti sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á bí ó ti fẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ bá Gómìnà Gilbert Carter dá májẹ̀mú ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, ìjọba yóò sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó bodè. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n dá míṣọ́nnárì kan padà. Carter sọ pé májẹ̀mú ti bàjẹ́. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun tí Francis Scott ṣáájú gba orí ọ̀sà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì gba ibẹ̀ kọ lu Ìjẹ̀bú. Wọ́n jà ní odò Yemójì, Ìmàgbọn ṣubú, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú Òde.

Kò tọ́ kí á sọ pé ìfura ni ó pa Ìjẹ̀bú. Ojúkòkòrò ẹni tí ó ní ìbọn tí ó yára jù ni. Ìfura wọn kò sì ṣìnà, nítorí ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà fi hàn pé ìfura nìkan kì í ṣe ìṣọ́ra. Ó lè sọ ibi tí ewu wà fún ènìyàn, kò lè sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe sí i.

Orí ọ̀sà àti òru Ìkòròdú

Ní ọ̀rúndún ogún, ogun kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì padà sídìí iṣẹ́ òòjọ́. Láàrin àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ àti àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ìṣọ́ra jẹ́ wíwo ojú ọ̀run kí á tó ti ọkọ̀ sómi, kí á má kó ju iye ènìyàn tí ọkọ̀ lè gbà lọ, kí á wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa ṣàkóso ojú omi ti sọ díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí di òfin. Ìṣọ́ra tí ó dára jù lọ nìyí: ó ní ohun tí a ń ṣe, ó sì kan ara ẹni tí ó ń ṣe é.

Láàrin ọdún 2016 àti 2017, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Àwọn apànìyàn tí a mọ̀ sí Badoo ń wọ ilé ní òru ní agbègbè Ìkòròdú, wọ́n ń fi òkúta pa ìdílé lójú oorun. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ní ọdún 2016. Síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òru. Ìṣọ́ yìí tọ́, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò gbọ́dọ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ìfura gba ọ̀pá lọ́wọ́ ìṣọ́. Àlejò tí kò lè sọ orúkọ àdúgbò, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lóru, ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀, gbogbo wọn di ẹni tí a ń fura sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, èrò lu àwọn aláìṣẹ̀ pa ní Ìkòròdú, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí wọ́n rò pé Badoo ni wọ́n.

Bí a bá padà sí ìhun ọ̀rọ̀, a ó rí ibi tí ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. 'Ẹ ṣọ́ra' ní kí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí ó wà lójúlé kejì, kí ó mọ nọ́ńbà ọlọ́pàá. 'Ẹ fura' ní kí ó wo ojú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èkíní bí ẹni pé èkejì ni ti gbé ojú kúrò lára ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kú yẹn kò kú nítorí pé ìlú ṣọ́ra jù. Wọ́n kú nítorí pé ìfura kò ní ẹ̀sọ̀ nínú.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn. Àkọ́kọ́, ìṣọ́ra, ìfura àti ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, olùkọ́ àti òǹtumọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ìṣọ́ra kọjú sí ara ẹni, ìfura kọjú sí ẹlòmíràn, ẹ̀sọ̀ sì ń sọ irú ọwọ́ tí a fi mú ọ̀rọ̀. Èkejì, ìtàn Lásunwọ̀n fi hàn pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń béèrè fún ara wọn. Akíntóyè lo ẹ̀sọ̀ láìfura, oyè bọ́. Ìjẹ̀bú fura títí, àmọ́ kò rí ọ̀nà mìíràn gbà. Kòsọ́kọ́ ṣọ́ ara rẹ̀, ó sì fẹ̀sọ̀ bá ọ̀tá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kú sílé.

Ẹ̀kẹta ni ó kan ìgbà tí a wà yìí jù lọ. Ìkìlọ̀ tí ìjọba, ilé-iṣẹ́ rédíò àti àwọn olórí àdúgbò ń ṣe ní èdè Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yàn ni àwọn ènìyàn yóò fi ṣiṣẹ́ lóru. Bí wọ́n bá ní kí ará ìlú ṣọ́ra, kí wọ́n sọ ohun tí kí ó ṣe. Bí wọ́n bá ní kí ó fura, kí wọ́n sọ ibi tí ìfura gbọ́dọ̀ dúró, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí kí ó gbé e lọ. Oògùn àgbà ni ìfura lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà ni ó mọ ìwọ̀n rẹ̀.